Ẹ gbé àdògán yẹn jáde: ìdáhùn sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọyẹ́ bá nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún kejì mi nìyí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Àìkú la wọlé padà lẹ́yìn ọlidé Kérésìmesì àti ọdún tuntun, òtútù tí a bá nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kọjá ohun tí a rò. Ìsàlẹ̀ ilé la wà, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni, gíláàsì lúfà méjì sì ti fọ́. Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá. Ọ̀kan nínú wa gbé àdògán àti èédú wá láti ilé. Ó ní bí èédú bá ti pọ́n tí kò rú èéfín mọ́, ká gbé e sáàárín yàrá, ká tilẹ̀kùn, ká sùn. Ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n ní ojo ni mí. Èkejì, ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn ní bọ́ǹkì òkè jẹ́ SS, ìyẹn àrùn sickle cell. Láti ọjọ́ kejì tí a ti dé ni ojúgun àti apá ti ń dùn ún. Ó ní òun ò fẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ká ṣe, mà?"

ÌDÁHÙN:

Ọmọ mi, kí n tó kí ọ kú ìpadàbọ̀, ẹ gbé àdògán yẹn kúrò nínú yàrá. Alẹ́ òní ni kí ẹ gbé e jáde, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ìwọ kọ́ ni ojo. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá sùn.

Èrò ọ̀rẹ́ yín ni pé èéfín ló léwu, pé bí èédú bá ti pọ́n dáadáa tí èéfín rẹ̀ sì tán, ewu ti kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ilé pàápàá ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èéfín máa ń ta èèyàn lójú, ó máa ń múni wúkọ́, ó máa ń lé èèyàn síta. Ohun tó ń pa èèyàn nínú èédú kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í tani lójú. Kábọ̀n mọnọ́ọ́sáìdì lorúkọ rẹ̀. Ẹyín iná tó pọ́n rẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń tú u jáde, pàápàá nígbà tí eérú bá ti bo orí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ inú èédú dáadáa mọ́. Ìgbà tí ẹ bá rò pé iná ti ń kú lọ, tí ẹ ti fa kúbùsù borí, ìgbà náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń jẹ́ hẹmoglóbìn. Ọkọ̀ èrò ni, ọ́síjìn sì ni èrò tó yẹ kó máa gbé láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ọpọlọ, sí ọkàn, sí gbogbo ara. Kábọ̀n mọnọ́ọ́sáìdì máa ń fò wọ ọkọ̀ yẹn ṣáájú, ó sì máa ń di àga mú ju bí ọ́síjìn ṣe lè dì í mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, ọ́síjìn ò sí níbẹ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, inú á máa rú u, ẹsẹ̀ á wúwo. Ẹni tí kò tíì sùn á rò pé ibà ló fẹ́ ṣe òun. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ nǹkan kan.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n gbé ọmọkùnrin méjì wá bá wa. Àwọn tó gbé wọn wá ń pariwo pé wọ́n jẹ májèlé. Eérú funfun ló wà létí kúbùsù tí wọ́n fi wé ọ̀kan nínú wọn, òun la rí tí a fi béèrè pé kí ni wọ́n dá nínú yàrá mọ́jú. Ẹnìkan ní àdògán wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iná ti kú, eérú lásán ló kù, bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ṣèèṣì fẹsẹ̀ kàn án, ó jó òun. Ọ́síjìn la fi sí wọn nímú kíá kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn méjèèjì yè é, a dúpẹ́. Nígbà tí ọ̀kan padà wá kí wa, ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé àwọn ṣí fèrèsé kan sílẹ̀.

Fèrèsé kan kò tó. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ gbé abọ́ omi ti àdògán, pé omi á fa májèlé inú rẹ̀. Omi kì í fà á. Sítóòfù kẹrosíìnì tí ẹ bá tàn láti fi mú yàrá gbóná ń ṣe bákan náà, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́nu fèrèsé yàrá náà ń ṣe é, ibi tó burú sí sì ni pé ẹni tó ń sùn lẹ́yìn fèrèsé lè má mọ̀ pé wọ́n tàn án.

Bí ẹ bá bá ẹnìkan nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá mọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn gbayawu, ẹ wọ́ ọ síta sínú afẹ́fẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá ọkọ̀. Ọ́síjìn ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sáré gbé epo pupa tàbí mílíìkì dé. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu o. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni epo yẹn máa gbà lọ.

N kò ní kí ẹ lọ da èédú nù. Ẹni tó gbé e wá kì í ṣe ọ̀tá yín, òtútù ló ń mú òun náà. Bí họ́sítẹ́ẹ̀lì yín bá gbà kí ẹ dáná níta gbangba, ẹ fi sè omi níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, omi gbígbóná yẹn á wúlò fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màá sọ bí ẹ ṣe máa lò ó. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ da omi pa ẹyín iná, kí àdògán sùn síta.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló wá kù, òun ló sì ká mi lára jù. Bó bá jẹ́ pé bí o ṣe ń ka èyí lọ́wọ́, àyà ń dùn ún tàbí kò lè mí délẹ̀, tàbí ara rẹ̀ gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, tàbí ẹnu ń wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò gbé mọ́, tí orí ń fọ́ ọ lọ́nà tí kò rí rí, tí funfun ojú rẹ̀ di yẹ́lò tàbí tí abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, má ka èyí tó kù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí. Kò sí pé kó gbà tàbí kó má gbà nínú ìyẹn.

Bí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS máa ń tẹ̀, á sì le, nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù lára rẹ̀, nígbà tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, tàbí nígbà tí òtútù bá mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì. Àwọn tó ti tẹ̀ yẹn á há sínú òpó tóóró, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ibi gbà, egungun tó wà níwájú kò ní rí ọ́síjìn. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àdògán jáde kí n tó sọ ohunkóhun: kábọ̀n mọnọ́ọ́sáìdì tó lè fún ìwọ ní orí fífọ́ ti ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àpọ̀jù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ẹ̀yin mẹ́rin, òun ni àdògán yẹn máa kọ́kọ́ mú.

Bi í léèrè bó ṣe rìnrìn àjò wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i lára àwọn ọmọ SS ní gbogbo oṣù January: ọmọ á jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀, kò ní mu omi kó má baà máa bẹ dírébà pé kó dúró kí òun tọ̀. Á sọ̀kalẹ̀ ní Kútọ̀, á fa báàgì àti àpò gàrí, á tún wọ ọkọ̀ míì, á dé inú yàrá tó ti kún fún eruku, á gbálẹ̀, á lọ pọnmi. Kò sí omi nínú ara, ó ti rẹ̀ ẹ́, òtútù òru wá dé bá a. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni egungun máa bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe kà á fún mi gẹ́lẹ́ nìyí: ọjọ́ kejì tí ẹ dé. Tún béèrè bóyá ó gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé, tàbí bóyá kò lò ó déédéé nígbà ọdún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn nínú ọyẹ́ bíi ti àsìkò ooru, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ń fa omi kúrò lára rẹ̀ láti imú àti awọ láìjẹ́ kó mọ̀. Kó mu tó lítà mẹ́ta lójúmọ́, àfi bí dókítà rẹ̀ bá ní kó dín in kù. Omi inú ọ̀rá ti 50cl mẹ́fà nìyẹn. Kó to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí lọ́kà láràárọ̀, kí ìwọ náà máa wò ó bó ṣe ń tán. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì bá a gbé e sínú fìríìjì.

Pààrọ̀ ibùsùn pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ẹnìkan nínú yín pààrọ̀, kó wá sùn nísàlẹ̀ ní apá tó jìnnà sí lúfà fífọ́ yẹn. Ẹni tí ojúgun ń dùn kò yẹ lẹ́ni tó ń gun irin bọ́ǹkì lóru láti lọ tọ̀. Ẹ bá a pọn omi. Kó má fi omi tútù wẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí nítorí kíláàsì aago mẹ́jọ. Kó wẹ̀ lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó lò, kó nura kíá, kó wọṣọ kó tó jáde ní balùwẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ: omi tó bá ń gbẹ lára nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń fa ooru ara lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kó ìrora. Kó fi òrí gbígbóná díẹ̀ pa ibi tó ń dùn ún, jẹ́jẹ́ ni. Ike omi gbígbóná tí a fi táwẹ̀lì wé dára níbẹ̀. Omi dídì kò gbọdọ̀ débẹ̀ láé, bó ti wù kí eléré bọ́ọ̀lù sọ pé òun ló ń mú ìrora òun lọ.

Ní ti oògùn, parasitamọ́ọ̀lù 500mg ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, méjì lẹ́ẹ̀kan, wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má kọjá mẹ́jọ láàárín ọ̀sán kan òru kan. Ibuprofen wà fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín ń dà láàmú kò gbọdọ̀ lò ó, SS sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́ láìpariwo, torí náà ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín kó tó lò ó. Ẹ má jẹ́ kí onísọ́ọ̀bù oògùn kankan ta tramadol fún un. Fọ́líìkì ásíìdì rẹ̀ àti oògùn tó ń dènà ibà, tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ sí Paludrine, kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró nítorí pé ẹ̀fọn dín kù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí dókítà bá ti kọ hydroxyurea fún un, oògùn tó ń jẹ́ kí ìrora SS má wá léraléra, ojoojúmọ́ ni, ara le tàbí ara kò le. Bí ìrora yìí kò bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tó ti ń mumi tó sì ń lo parasitamọ́ọ̀lù, ilé ìwòsàn ni. Ìwọ sì sọ fún mi pé láti ọjọ́ kejì ni, nítorí náà ní tèmi, ọjọ́ yẹn ti pé. Lọ́la òwúrọ̀ ni kí ẹ wà ní kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ó ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn ènìyàn wa ti fi orúkọ burúkú pe àrùn yìí, wọ́n ti fi àbíkú kùn ún, àwọn ọmọkùnrin á máa sá fún un, àwọn yòókù á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ kú lọ́la. Bá a sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀: ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé àrùn náà sára láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tí kì í sì í dá a gúnlẹ̀. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹlòmíì nínú yàrá yín bá ní i lára tí kò tilẹ̀ mọ̀. Kí o sì sọ ìtàn kan fún un láti ọ̀dọ̀ mi. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ìtàn àìsàn yìí sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn àwọn òyìnbó, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Walter Clement Noel lorúkọ rẹ̀, ọmọ dúdú láti erékùṣù Grenada, ibi tí òtútù kì í dé. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Chicago lọ́dún 1904, òtútù December ọdún náà gbé e dé ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1910 ni dókítà James Herrick tẹ ìtàn rẹ̀ jáde, pẹ̀lú àwòrán sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó padà sílé, ó ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀. Nígbà náà, kò sí Paludrine, kò sí hydroxyurea, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó mumi. Ọ̀rẹ́ rẹ ní gbogbo ìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ kí o gbà lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó mọ̀. Kílíníìkì gbọ́dọ̀ mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Ìwọ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn oògùn rẹ̀ àti nọ́ńbà òbí rẹ̀. Wọ́dà họ́sítẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ẹ bá kanlẹ̀kùn lóru, kí wọ́n ṣí géètì láìbéèrè. Bí ó bá gbà pé kí àwọn mẹ́ta yìí mọ̀, ó tó. Kí ẹ sì ti bá awakọ̀ kan tó ń gbé nítòsí sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa kan jìnnà sí ìgboro, ọ̀nà sì máa ń dá ní aago méjì òru. Lálẹ́, Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lantoro tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, èyí tó bá sún mọ́ yín jù ni kí awakọ̀ ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òtútù fúnra rẹ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti November títí di nǹkan bíi March. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé wá ń ti ilẹ̀ kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ, kò sì sí ìkùukùu tó máa bo ojú ọ̀run lóru, nítorí náà gbogbo ooru tí ilẹ̀ àti ògiri gbà lọ́sàn-án ló ń fò lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán Abẹ́òkúta fi lè lé ní 30 lórí ìwọ̀n Celsius, tí ìdájí ọjọ́ kan náà á sì já sí nǹkan bíi 20. Láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ló burú jù. Ìwọ̀n yẹn kò lè pa ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá. Ó ń fìyà jẹ yín ni, ó sì lẹ́rọ̀. Ara yín ni kẹ́ ẹ mú gbóná, ẹ fi yàrá sílẹ̀.

Abẹ́ ibùsùn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti wo ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀, kúbùsù méjì wà lórí wọn, abẹ́ ò ní nǹkan kan. Fóòmù tinrin lórí irin bọ́ǹkì, afẹ́fẹ́ tútù ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́jú. Ẹ wá páálí tí wọ́n kó nǹkan wá nínú rẹ̀, ẹ ya á, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín irin àti fóòmù, ẹ sì tẹ́ ẹní lé e. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ lẹ máa mọ ìyàtọ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì-mẹ́ta tí èèyàn wọ̀ léra ń gbani lọ́wọ́ òtútù ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ìró àdìrẹ méjì láti Ìtòkú tí ẹ bá rán pọ̀ mọ́ra jẹ́ ìbora tó dára lábẹ́ kúbùsù, òwú kì í sì í ta èèyàn lára. Ìbọ̀sẹ̀, gèlè tàbí fìlà tó bo etí. Bí ẹ bá ra súwẹ́tà bosikọ̀rọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Omi tí ẹ sè níta yẹn, ẹ dúró kó má hó mọ́, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó nípọn, ẹ dé e pa, ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ gbé e síbi ẹsẹ̀. Yóò gbé yín dé ibi tí oorun á ti wọra.

Ọ̀gì gbígbóná àti àkàrà láàárọ̀ sàn ju gàrí omi tútù lọ nínú oṣù yìí. Ọtí ńkọ́? Páragá máa ń jẹ́ kí awọ ara gbóná nítorí pé ó ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ooru tí ara ti fi pamọ́ sínú á wá máa jáde. Ẹni tó mu ún á rò pé òun ti bọ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń tutù lọ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ó tún ń fa omi kúrò lára.

Hítà oníwáyà tí ẹ ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó dandan, ẹ yọ ọ́ lára iná kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan omi tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ kíláàsì. Aṣọ àti fóòmù gbẹ gan-an nínú ọyẹ́, iná kékeré ò ní pẹ́ ràn.

Yàrá tí wọ́n tì pa láti December kò yẹ ní gbígbá ní gbígbẹ. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku, nítorí pé ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) nínú yín lè máà lè mí mọ́ lẹ́yìn ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú lọ́kà, ẹ wọ́n omi bílíìṣì sí i, ẹ jẹ́ kó rin, ẹ wá fi nǹkan nù ún, ẹ fọwọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń pọ̀ jù, eku ló ń gbé e. Gàrí tí eku bá ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ dà á nù, èyí tó kù, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ọmọrí. Ètè tó ń bó àti gìgísẹ̀ tó ń là, òrí ni, lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wẹ̀. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tẹ orí síwájú, ẹ fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má gbé orí sókè.

Lúfà yẹn ló kù. Ẹ fi páálí àti sẹ́lótéèpù dí ojú ibi tó fọ́ lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ lókè ní apá kejì yàrá kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, èèyàn mẹ́rin ló ń mí níbẹ̀, ikọ́ ọ̀kan á sì di ti gbogbo yín bí ẹ bá dí i pa. Pọ́tà tí ẹ sọ fún lẹ́nu lásán ti gbọ́ irú rẹ̀ ní yàrá ogún láàárọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: nọ́ńbà yàrá, iye gíláàsì tó fọ́, ọjọ́ tí ẹ dé. Kí ẹ fi kún un pé ẹnìkan nínú yín ní àìlera tí òtútù ń dá sílẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin buwọ́ lù ú, ẹni tó gbé àdògán wá pẹ̀lú, kí ẹ fún wọ́dà ní ọ̀kan, kí ẹ di ẹ̀dà kan mú.